Nígbà tí Ọ̀bẹ Oníṣẹ́ Abẹ Wà Nínú Àkọ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi tu ara wọn nínú ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà gba ayé kan. Òótọ́ ni pé ó kan olówó, ó kan tálákà. Ó kan Lọ́ńdọ̀nù, ó kan Adó-Èkìtì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀run bá ń ya bọ̀, ẹni tó ti wà lórí ẹní àìsàn tẹ́lẹ̀ kò lè sá bí ẹni tí ara rẹ̀ le. Iye ènìyàn tó kó Kòrónà àti iye tó kú ni ìròyìn ń kà lójoojúmọ́ nígbà náà. Kò sí ẹni tó ń ka àwọn tí Kòrónà kò fọwọ́ kàn rárá, tó jẹ́ pé ọ̀nà ìwòsàn wọn ló dí. Lára wọn ni àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wọn bọ́ sí àárín kónílé-ó-gbélé.

Ẹ fi ojú inú wo obìnrin kan ní Ẹmùré-Èkìtì. Kò ní orúkọ nínú ìtàn yìí, nítorí kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Àpẹẹrẹ ni, tí ó dúró fún ohun tí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ní gúúsù Èkìtì lọ́dún náà. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún. Gàrí àti ẹ̀wà ló ń tà lọ́jà, ọkọ rẹ̀ sì ní oko kòkó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, nígbà tó ń wẹ̀, ó fọwọ́ kan kókó kékeré kan ní ọyàn rẹ̀ òsì. Kò dùn ún, nítorí náà kò bẹ̀rù. Kò mọ̀ pé ibi tí jẹjẹrẹ ọyàn ti ń tan ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ nìyẹn: kókó tí kò dunni ni ó yẹ kí ènìyàn tètè gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó mu àgbo, ó fi òróró pa á. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kàwé ní Ìkẹ́rẹ́ ló wá fárígá, tó ní àfi kí ìyá òun lọ fi hàn ní ọsibítù.

Láti ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí ni wọ́n ti kọ ìwé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n gé ẹran bíńtín níbi kókó náà fún àyẹ̀wò. Nígbà tí oṣù Kejì ọdún 2020 fi ń parí lọ, èsì jáde: jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n dókítà oníṣẹ́ abẹ sọ ọ̀rọ̀ kan tó fi í lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Ó ní kò tíì rìn jìnnà. Bí wọ́n bá tètè gé e kúrò, ìrètí pọ̀. Owó kòkó àti owó àjọ ni wọ́n kó pọ̀. Wọ́n kọ ọjọ́ sí káàdì rẹ̀: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù Kẹrin, 2020.

Ayé kò dúró de ọjọ́ náà. Ní 27 oṣù Kejì ni àyẹ̀wò ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ará Ítálì kan tó wọ Èkó ní àrùn Kòrónà, ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nìyẹn. Ní 18 oṣù Kẹta, wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Nígbà tó fi di alẹ́ ọjọ́ Ajé, 30 oṣù Kẹta, òfin kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkìtì lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí. Alẹ́ ọjọ́ kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa. Wọ́n sé ààlà ìpínlẹ̀. Gáréèjì dákẹ́. Ọjà dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn, fóònù obìnrin Ẹmùré náà dún.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Dókítà ni, láti ọsibítù."

"Ẹ káàárọ̀, Dókítà. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, Màmá. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ yín ni. A ò ní lè ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mọ́."

"Ṣé owó ni? Owó ti pé o."

"Kì í ṣe owó, mà. Àrùn tó wà níta yìí ni. Wọ́n ní kí a dá iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe ti pàjáwìrì dúró ná."

"Ìgbà wo ni ká wá máa retí?"

"Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mà. A máa pè yín."

Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní: "Dókítà, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé nǹkan yìí kì í dúró de ènìyàn."

Dókítà kò rí èsì fọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀dájú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀bẹ fi wà nínú àkọ̀ ní láti kọ́kọ́ wo ohun tó wà níwájú àwọn oníṣẹ́ abẹ ní oṣù wọ̀nyẹn.

Èkíní ni ewu tó wà fún aláìsàn fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá la ènìyàn tí Kòrónà ti wà lára rẹ̀ láìmọ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè dàrú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kárí ayé tí wọ́n para pọ̀ lábẹ́ orúkọ COVIDSurg, tí Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń darí, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní ìparí oṣù Karùn-ún, 2020. Wọ́n wo aláìsàn 1,128 ní orílẹ̀-èdè 24, àwọn tó ní Kòrónà ní àkókò tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ìdá 23.8 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti kú. Ìdajì wọn ni ẹ̀dọ̀fóró wọn ní ìṣòro. Èyí túmọ̀ sí pé obìnrin tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láti sá fún jẹjẹrẹ lè bá Kòrónà pàdé níbẹ̀. Àyẹ̀wò tí ì bá sì fi ẹni tó ní i hàn kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Ilé àyẹ̀wò díẹ̀ ló wà ní gbogbo Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀; lára àwọn tó sún mọ́ Èkìtì ni ti Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Èkejì ni ewu tó wà fún àwọn òṣìṣẹ́. Kí wọ́n tó la ènìyàn, dókítà tó ń kun aláìsàn ní oorun a ti ọ̀pá rọ́bà bọ ọ̀fun rẹ̀ kí ó lè máa mí. Àsìkò yẹn gan-an ni èémí aláìsàn máa ń fọ́n ká sí ojú àwọn tó yí i ká. Ìbòmú tó nípọn, gíláàsì ojú, aṣọ ìdáàbòbò àti ìbọ̀wọ́ kò tó, iye tí wọ́n ń tà wọ́n sì ti fò sókè. Àwọn dókítà ilẹ̀ yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé irú ewu bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ní ọdún 1989, nígbà tí ibà Lassa wọ ilé ìwòsàn ní Ìpínlẹ̀ Ímò, nọ́ọ̀sì mẹ́fà àti oníṣẹ́ abẹ méjì wà lára àwọn tó kó o. Ní ọdún 2014, Dókítà Ameyo Adadevoh kú ní Èkó lẹ́yìn tó dí Ebola lọ́nà. Ní oṣù tí Kòrónà dé yìí pàápàá, Ìpínlẹ̀ Òndó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Èkìtì wà lára àwọn ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù lọ ní Nàìjíríà, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì ni ó ń tọ́jú àwọn aláìsàn rẹ̀. Nígbà tó di 2 oṣù Keje, 2020, Kòrónà pa kọmíṣọ́nnà ètò ìlera Òndó, Wahab Adegbenro, ẹni tí òun náà jẹ́ dókítà. Ní oṣù kan náà ni Gómìnà Fáyẹmí kéde pé òun náà ti kó o. Bí àrùn bá dé ọ̀dọ̀ gómìnà àti ọ̀dọ̀ kọmíṣọ́nnà ìlera, ta ni nọ́ọ̀sì inú yàrá iṣẹ́ abẹ?

Ẹ̀kẹta ni ohun èlò. Iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ń fẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fẹ́ ọ́síjìn, ó ń fẹ́ nọ́ọ̀sì tí yóò jókòó ti aláìsàn lóru. Ohun kan náà ni Kòrónà ń fẹ́. Ó tún ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí tí wọ́n máa ń wá fún aláìsàn ní ẹ̀jẹ̀ kò sì lè jáde nílé.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó wà níwájú oníṣẹ́ abẹ kì í ṣe bóyá kí ó ṣiṣẹ́ tàbí kí ó má ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n ni ó gbé lọ́wọ́. Jẹjẹrẹ wà ní apá kan, ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀. Kòrónà wà ní apá kejì, ó lè pa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èwo ni yóò tètè pa ẹni tó wà níwájú mi yìí? Ìbéèrè tí oníṣẹ́ abẹ ń bi ara rẹ̀ lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan nìyẹn, láìsí ẹni tó lè bá a dáhùn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbìyànjú láti fi ètò dá ìbéèrè náà lóhùn. Ní 17 oṣù Kẹta, 2020, àwọn aláṣẹ ìlera ibẹ̀ ní kí àwọn ọsibítù múra láti sún iṣẹ́ abẹ tí kò kánjú síwájú. Fún jẹjẹrẹ, wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ìpele. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ti dí tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí ìdádúró lè mú kí ìwòsàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ abẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́, tí kò sì ní fa ìpalára bó bá dúró, lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá. Ètò tó mọ́gbọ́n dání ni, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kárí ayé sì tẹ̀lé irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n rán fún ẹlòmíràn kì í sábà bá ni lára mu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń pe obìnrin tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún wá fún àyẹ̀wò ọyàn kí ó tó fọwọ́ kan kókó kankan. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ níbẹ̀ ni wọ́n rí nígbà tó ṣì kéré. Ó ní àyè tí ó lè fi dúró. Ní Nàìjíríà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ọyàn ni wọ́n ń dé ọsibítù nígbà tí àìsàn ti dé ìpele kẹta tàbí ìkẹrin. Wọ́n ti dúró nílé kí wọ́n tó dé. Wọ́n ti dúró de owó, wọ́n ti dúró de àgbo, wọ́n ti dúró de àdúrà, wọ́n ti dúró de ìwé láti ọsibítù kan sí èkejì. Ọ̀sẹ̀ méjìlá tí ó jẹ́ sùúrù ní Birmingham lè jẹ́ ìpele mìíràn ní Ẹmùré.

Gúúsù Èkìtì kò sì jìnnà sí ìwòsàn bí ènìyàn bá wo àwòrán ilẹ̀ nìkan. Láti Ìkẹ́rẹ́, níbi tí òkè Olósùnta ti ń wo ìlú nísàlẹ̀, Adó kò jìnnà, Àkúrẹ́ náà kò jìnnà. Láti Ìsẹ̀ àti Ẹmùré, ìrìn náà gùn díẹ̀ sí i. Adó ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá. Ìdó-Èkìtì ní ti ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kì í ṣe àìsàn tí ilé kan ṣoṣo máa ń wò parí. Ẹni tó bá nílò ìtọ́jú onítànṣán sábà máa ń gba Ìbàdàn lọ sí UCH, tàbí Benin lọ sí UBTH, tàbí Èkó lọ sí LUTH, níbi tí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2019. Ìtànṣán kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni aláìsàn fi ń lọ lójoojúmọ́. Ààlà tí wọ́n sé ní ìparí oṣù Kẹta ni ó wà láàárín aláìsàn àti gbogbo ibi wọ̀nyí. Ìgbà tó di 1 oṣù Keje ni ìjọba àpapọ̀ tó gbà kí ọkọ̀ tún máa ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí èkejì.

Òfin kò sọ pé kí aláìsàn má jáde. Òfin yọ̀ǹda fún ẹni tó ń lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda kì í gbé ènìyàn láti Ẹmùré dé Adó. Ọkọ̀ èrò ló ń gbé e, ọkọ̀ èrò kò sì sí. Ẹni tó bá rí ọ̀kadà gbọ́dọ̀ san owó ìlọ́po mélòó kan, kí ó sì ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ọlọ́pàá ní gbogbo ibi tí wọ́n ti gbé igi dínà. Obìnrin tó ń fi aṣọ bo kókó ọyàn rẹ̀ kí aládùúgbò má baà mọ̀, báwo ni yóò ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ọlọ́pàá mẹ́ta lójú títì?

Kì í ṣe Èkìtì nìkan ni nǹkan ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ COVIDSurg kan náà ṣírò rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, 2020, pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi gbóná jù, iṣẹ́ abẹ bí mílíọ̀nù 28.4 ni wọn yóò fagi lé tàbí sún síwájú ní gbogbo ayé. Nínú rẹ̀, bí mílíọ̀nù 2.3 jẹ́ ti jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 2021, wọ́n tẹ̀lé aláìsàn jẹjẹrẹ 20,006 ní orílẹ̀-èdè 61, gbogbo wọn ni wọ́n ti pinnu láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni kò tíì rí iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Ibi tí kónílé-ó-gbélé ti le jù ni ọ̀rọ̀ ti burú jù: níbẹ̀, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò rí i ṣe, níbi tí òfin ti rọ̀, wọn kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Kí wá ni ìdádúró ń ṣe? Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé jáde ní oṣù Kọkànlá, 2020, kó ìmọ̀ ọ̀pọ̀ ọdún jọ láti dáhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin tí iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ bá fi falẹ̀, ewu ikú ń fi ìdá mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Lójú ẹni tí kò mọ̀, iye náà kéré. Ṣùgbọ́n ó ń gun orí ara wọn bí èlé olówó èlé. Ní Nàìjíríà, níbi tí àjọ tó ń ṣírò jẹjẹrẹ lágbàáyé ti fojú díwọ̀n ènìyàn tuntun tó ní i ní ọdún 2020 sí 124,815, tí ó sì fi àwọn tó kú sí 78,899, kò sí àyè láti fi ọ̀sẹ̀ kankan ṣòfò.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ kò kàn káwọ́ gbera. Fún jẹjẹrẹ ọyàn tó ń jẹ omi ara obìnrin, oògùn oníhóró kan wà tí wọ́n ń pè ní tamoxifen. Ó lè dá àìsàn náà dúró fún ìgbà díẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi ṣí. Fún àwọn mìíràn, wọ́n yí ètò padà: oògùn kẹmó ni wọ́n kọ́kọ́ lò kí kókó lè súnkì, kí iṣẹ́ abẹ tó tẹ̀ lé e. Fún ọkùnrin tó ní jẹjẹrẹ ibi ìtọ̀, tí ti rẹ̀ sábà máa ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n lè dúró. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀fà tirẹ̀. Tamoxifen kò wúlò fún gbogbo ènìyàn, àyẹ̀wò tó ń fi ẹni tó wúlò fún hàn sì ń gba owó àti ọjọ́. Kẹmó ń sọ agbára ara láti bá àrùn jà di aláìlera, ní àkókò tí àrùn ńlá wà níta. Ẹni tí ìfun rẹ̀ bá sì dí kò lè dúró de ohunkóhun. Òun ni wọ́n gbọ́dọ̀ là lóru ọjọ́ náà, Kòrónà tàbí àìsí Kòrónà.

Nígbà tó di oṣù Kẹfà, fóònù tún dún ní Ẹmùré. Wọ́n ní kí obìnrin náà máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ní 15 oṣù Kẹfà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, NARD, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì jákèjádò orílẹ̀-èdè. Aṣọ ìdáàbòbò àti owó ewu iṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi wà níta kí wọ́n tó padà. Wọ́n tún lọ ní oṣù Kẹsàn-án. Ní ọdún 2021, wọ́n lọ láti 2 oṣù Kẹjọ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. Ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ dókítà tó ń béèrè ohun tí yóò fi bo ara rẹ̀, ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ aláìsàn tó ń ka ọjọ́. Ìjọba tó jẹ́ kí ẹ̀tọ́ méjèèjì kọlu ara wọn ni ọ̀rọ̀ náà yẹ kí ó máa dùn jù.

Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ wá yẹ obìnrin náà wò níkẹyìn, kókó náà ti tóbi sí i, òmíràn sì ti wà ní abíyá. Kò ṣeé gé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ mọ́. Kẹmó ni yóò ṣáájú. Owó tí wọ́n tọ́jú fún iṣẹ́ abẹ wọ inú kẹmó. Ọkọ rẹ̀ yá owó lórí kòkó tí kò tíì so. Oṣù Kọkànlá ni wọ́n tó gé ọyàn náà. Bí ó bá béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá oṣù méje wọ̀nyẹn ló fà á, dókítà olóòótọ́ kò ní lè dáhùn. Ìṣirò ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Kò lè sọ ti ẹnì kan. Bóyá ó ti wà ní abíyá láti oṣù Kejì láìhàn. Bóyá kò sí níbẹ̀. Ẹrù tí àjàkálẹ̀ àrùn dì lé oníṣẹ́ abẹ lórí nìyẹn, kò sì sí ẹni tó ń bá wọn sọ̀ ọ́.

Ohun kan tó dájú ni pé wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ náà kò sì yẹ kó bá àjàkálẹ̀ náà lọ. Nínú ìwádìí kan lórí aláìsàn jẹjẹrẹ 9,171 ní orílẹ̀-èdè 55, àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀, tí aláìsàn Kòrónà kò dé rárá, ní ìṣòro ẹ̀dọ̀fóró tí kò tó ìdajì ti àwọn tó wà níbi tí gbogbo rẹ̀ ti pò pọ̀: ìdá 2.2 sí ìdá 4.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí kò béèrè ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ó béèrè pé kí ọsibítù kan jẹ́ ti àjàkálẹ̀, kí òmíràn sì wà ní mímọ́. Ìpínlẹ̀ tó ní ọsibítù ìjọba káàkiri àwọn ìlú rẹ̀ lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀, kí àwọn oníṣẹ́ abẹ Adó máa lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá. Bí ó bá jẹ́ Ìkẹ́rẹ́ ni, ará Ìsẹ̀ àti Ẹmùré kò tilẹ̀ ní dé Adó mọ́.

Ohun kejì ni ọkọ̀. Orúkọ àwọn tó ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ kò fi lè mọ̀ wọ́n. Ìpínlẹ̀ tó rí ọkọ̀ gbé ìrẹsì ìrànwọ́ yẹ kó rí ọkọ̀ gbé aláìsàn. Ohun kẹta ni owó. Títí di òní, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn jẹjẹrẹ ní ilẹ̀ yìí fi ń tọ́jú ara wọn. Nígbà tí ọjà bá sì tì, àpò náà ni ó ń kọ́kọ́ gbẹ. Ìmọ̀ kò wọ́n wa. Ní Ilé-Ifẹ̀, kò jìnnà sí Èkìtì, ẹgbẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní ARGO ti ń bá àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ láti ọdún 2013. Ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ BRECAN tí Betty Anyanwu-Akeredolu dá sílẹ̀ ní ọdún 1997, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ní jẹjẹrẹ ọyàn, ti ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọn yóò ṣe máa yẹ ara wọn wò.

Ọkọ rẹ̀, Rótìmí Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀, ni gómìnà Òndó nígbà tí Kòrónà dé. Òun náà kó o ní ọdún 2020, ó sì bọ́ nínú rẹ̀. Ní 27 oṣù Kejìlá, 2023, jẹjẹrẹ ibi ìtọ̀ ni ó pa á. Àjàkálẹ̀ àrùn dé, ó sì kọjá. Jẹjẹrẹ wà níbẹ̀ kí ó tó dé, ó wà níbẹ̀ nígbà tó ń jà, ó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tó lọ.

Àjàkálẹ̀ mìíràn yóò dé. Ibà Lassa kò fìgbà kan fi ààlà Òndó àti Èkìtì sílẹ̀, ayé kò sì tíì rí òpin irú Kòrónà. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá tún ní kónílé ó gbélé, kí ẹnì kan nínú ìjọba ti béèrè ṣáájú pé: àwọn wo ni ọjọ́ wọn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yìí?

Káàdì obìnrin Ẹmùré náà ṣì wà nínú àpò tó ń kó owó gàrí sí. Wọ́n kọ 7 oṣù Kẹrin sí i, wọ́n fa ìlà lé e. Wọ́n kọ ọjọ́ mìíràn sísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fa ìlà lé ìyẹn náà. Ìkẹrin ni wọn kò fa ìlà lé.